Ìbọ̀sẹ̀ Ìyá Ojú Fèrèsé

Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n tọ́ mi dàgbà sí ní Olódì-Àpápá, ẹsẹ̀ lásán la fi ń lọ sílé Ọlọ́run. Bí ènìyàn bá ti wọ sùtánà rẹ̀, bàtà di èèwọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé iwájú pẹpẹ. Láti kékeré ni mo ti mọ gọ́tà tí a lè fò àti èyí tí a ní láti yà fún, mo sì mọ wákàtí tí ọ̀dà títì máa ń gbóná jù. N kò kà á sí ìyà. Ọlọ́run tí ó pè mí sí ìjọ yìí fún mi ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó nípọn.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ náà tí ó kọ́ mi ní ìwé. Kì í ṣe òun ló bí mi, ṣùgbọ́n inú ìwé orin rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ lẹ́tà, ní kíláàsì ọmọdé tí ó máa ń kọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, kò ní nà mí. Á ní kí n fi orin kọ ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níwájú gbogbo ọmọ yòókù. Ohùn mi kò dára rárá, nítorí náà mo yára mọ̀wé. Ìwé tí mo fi ń ka Bíbélì lónìí, tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà mi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrun mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á. Mo ń dúpẹ́ fún un nínú àdúrà àárọ̀ mi lójoojúmọ́.

Ó ṣe, ara Ìyá kò le mọ́. Dókítà ní ṣúgà ni. Ó ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́, nítorí bí nǹkan bá gún un, ó lè má mọ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọ wa tẹ́ táìlì sílẹ̀ ilé ìjọsìn. Táìlì náà ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi tún fìlà rẹ̀ ṣe lórí, ṣùgbọ́n ó tutù bí inú fíríìjì. Ìyá gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bọ́ sùtánà sílé, ó wọ aṣọ lásán àti sílípáàsì, ó gbé àga rẹ̀ sí ìta lójú fèrèsé kan, ó sì ń jọ́sìn láti ibẹ̀.

Fèrèsé náà dára, àfi pé ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ó wà. Ohun tí a bá sọ nínú ilé, ìdajì rẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ Ìyá, á sì pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, akọ̀wé ń kéde pé àwọn olè ti jí bátìrì ínfátà ìjọ gbé lọ. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá ṣe "Àmín" láti ojú fèrèsé, ó sì fi "Halelúyà" lé e.

A rẹ́rìn-ín. Mo wà lára àwọn tí ó rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ gbé àga rẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìsìn, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń gbọ́ o, mi ò gbọ́ Ọlọ́run."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Òótọ́ ni. Bí ìkórè ọdún yìí bá bá mi níta níbí, mi ò ní wá mọ́. Màá jókòó sílé mi, màá máa gbọ́ ìwàásù lórí rédíò. Ó kéré tán, rédíò kò ní èéfín."

Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Àga kejì láti iwájú, ní apá àwọn obìnrin, ni àyè rẹ̀ láti ìgbà tí wọn kò tí ì bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kí ó fi ọ̀nà hàn mí. N kò mọ̀ pé géètì kan ní Àpápá GRA ni ó máa gbà fi í hàn.

Mo ní oníbàárà kan níbẹ̀, ìyàwó ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Mo máa ń lọ di irun rẹ̀ fún un nílé lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bàbá àgbàlagbà kan ni ó ń ṣọ́ géètì wọn. Mùsùlùmí ni, Ajégúnlẹ̀ ni ó ń gbé, ó sì ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ tí ó ń hun nǹkan. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ márùn-ún ni ó fi ń hun ún, tí ó ti fi òkúta pọ́n ẹnu wọn.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ni."

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú oòrùn yìí?"

Ó gbé ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó pupa, ó sì ní àrà dúdú tí ó ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi yíká. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí òun bá ti ṣe àlùwàlá àárọ̀ tí òun sì wọ̀ ọ́, títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi ṣú, ọwọ́ tútù lásán ni òun máa fi ń pa orí rẹ̀, òun kò ní bọ́ ọ wẹ ẹsẹ̀ mọ́. Ó ní ááfà wọn ní bí ó bá ti nípọn tí ó sì bo ọrùn ẹsẹ̀, kò burú.

"Ẹsẹ̀ àgbà kì í fẹ́ omi lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́," ni ó wí.

Níbi tí mo dúró sí, mo rí ẹsẹ̀ Ìyá lórí táìlì, nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí ó kọ́ mi. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò ra èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Mo sọ fún un pé mo ti ra méjì rí fún Ìyá kí ó máa wọ̀ nílé, wọ́n fẹ́lẹ́, òtútù ń gba inú wọn kọjá, rọ́bà ẹnu wọn sì ń fún un lẹ́sẹ̀ débi pé ó ń wú. Ó mi orí. Ó ní kúkù òyìnbó kan ni ó kọ́ òun ní híhun nínú ọkọ̀, nígbà tí yìnyín ń já bọ́ sórí wọn, àrà ìgbì omi yìí nìkan ni ọkùnrin náà sì mọ̀, nítorí náà àrà yìí nìkan ni òun lè kọ́ mi. Ó na òwú rẹ̀ sí mi.

"Bàbá, pupa àti dúdú kọ́. Méjèèjì yìí gan-an ni ìjọ wa kì í fẹ́ rí."

"Ẹ ò fẹ́ bàtà. Ẹ ò fẹ́ pupa. Ẹ ò fẹ́ dúdú. Kí wá lẹ fẹ́?"

"Ìgbàlà ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá rẹ̀ fi yọjú lókè.

Súwẹ́tà òkìrìkà ni Bàbá máa ń tú láti rí òwú rẹ̀. Èmi náà bá lọ sí ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀. Mo rí funfun kan, mo rí búlúù kan, mo sì ń fa okùn ẹnu ọwọ́ wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n máa tú dáadáa. Ọkùnrin tí ó ń tà á ń wò mí.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ ra súwẹ́tà ni, àbí ẹ fẹ́ bà á jẹ́?"

"Mo fẹ́ tú u ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó pe ẹni tí ó ń ta ṣòkòtò jíǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó wá wo mí.

Mo fi okùn ìdìrun wọn ẹsẹ̀ Ìyá láìsọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé yóò rọrùn fún mi, nítorí ìka ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ onídìrí ni ọwọ́ mi. Nínú iṣẹ́ wa, ohun tí kò bá le kò dára. Àwọn oníbàárà mi a máa lọ sílé pẹ̀lú ojú tí ó fà sí ẹ̀bá etí, wọn a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe hun ìbọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Bí mo bá fi òwú búlúù gba ẹ̀yìn funfun kọjá, mo ń fà á pinpin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé ọ̀kan lọ fún Bàbá. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ wò fúnra mi. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi wọlé, àárín ẹsẹ̀ mi wọlé, ó dé gìgísẹ̀, ó dúró. Bàbá fà á, mo fà á, a jọ fà á.

"Irun ta lo dì yìí?" ni ó bi mí.

"Ó le dáadáa, Bàbá. Kò lè tú."

"Kò lè tú lóòótọ́. Kò sì lè wọ̀."

Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi hàn mí bí òwú tí ó gba ẹ̀yìn kọjá ti di okùn tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ó ní kí n máa fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí ó lè mí. Fífi nǹkan sílẹ̀ díẹ̀ yìí, òun ni ohun tí ó nira jù tí mo kọ́ láyé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tú ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà. Ní àkókò kan, ọwọ́ mi wá dẹ̀ jù, ó ráyè lọ sínú iṣẹ́ mi gan-an: irun oníbàárà kan tú lójú ọ̀nà kí ó tó délé.

Iye ojú òwú tún ni ìṣòro mìíràn. Funfun mẹ́ta, búlúù ọ̀kan. Ní ìlà kejì, funfun méjì, búlúù méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń yí lọ. Bàbá kò kọ ọ́ sí ìwé. Ó ní tẹ̀sùbáà àtijọ́ kan tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti já dànù púpọ̀, òun ni ó fi ń ka ìlà. "Èyí ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi," ni ó wí. Ní tèmi, ọ̀nà kan ni mo mọ̀ tí nǹkan fi ń wọ orí mi, ọ̀nà tí Ìyá fi kọ́ mi níwèé. Mo fi iye náà sí ohùn orin ìjọ. Ó wọlé wẹ́kú. Ohun tí n kò rò ni pé yóò padà jáde. Ní ọjọ́ ìsinmi kan a dá orin náà, ẹgbẹ́ akọrin dákẹ́ díẹ̀ láti mí láàárín ẹsẹ kejì, gbogbo ìjọ sì gbọ́ ohùn mi tí ó ń lọ geere: "Funfun mẹ́ta, búlúù ọ̀kan." Arábìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ẹ̀mí ni ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó mú ìwé àti bírò jáde.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìkórè pé, ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì parí. Wọ́n rí bí ìbọ̀sẹ̀. Mo gbé wọn lọ bá Olùṣọ́-àgùntàn wa lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ Ọjọ́rú. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó wò wọ́n, ó fi ọwọ́ pa wọ́n, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá òun nìkan, ó sì pe àwọn alàgbà jókòó.

Alàgbà tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé bàtà kankan kò wọlé, ọgbọ̀n ọdún ni ó sì ti ń ṣe é láìgba gbẹ̀rẹ́. Ó fi ìka méjì gbé ìbọ̀sẹ̀ kan sókè bí ẹni gbé ẹja tí kò dá a lójú.

"Kí ni iṣẹ́ èyí?"

"Ó ń bo ẹsẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

"Bàtà ńkọ́, kí ni ó ń bò? Etí?"

Alàgbà kan dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ẹ rọra o. Lọ́dún tí ìṣó gún yín, báńdéèjì lẹ fi dì í tí ẹ fi ń wọlé. Òun náà bo ẹsẹ̀."

"Báńdéèjì kò ní àrà lára."

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú àrà ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní àrà a máa fa ojú. Bí a bá dojúbolẹ̀ níbi àdúrà, kí ni ẹni tó wà lẹ́yìn Ìyá á máa wò?"

"Ẹni tó ń gbàdúrà, ṣé ojú rẹ̀ kò dì ni?"

Ó tó wákàtí kan tí wọ́n fi wà lórí rẹ̀. Níkẹyìn, Olùṣọ́-àgùntàn gbé ọwọ́ sókè. Ó ní bàtà ni ohun tí a fi ń rìn níta. Bí ìbọ̀sẹ̀ yìí bá lè gbé ènìyàn dé títì tí ó sì gbé e padà láìsí wàhálà, bàtà ni, kò sì ní wọlé. Bí kò bá lè ṣe é, aṣọ ni, kí Ìyá máa wọ̀ ọ́ bọ̀.

"Ta ni yóò wọ̀ ọ́ wò fún wa?"

Gbogbo wọn wo alàgbà aṣọ́nà. Ó jókòó, ó wọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Mo ya ẹnu láti sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ọmọ tí Ìyá kọ́ kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, mo sì pa á dé.

A dúró sí ẹnu ọ̀nà, a ń wò ó bí ó ti ń lọ nínú sùtánà rẹ̀, ẹsẹ̀ kan lásán, ẹsẹ̀ kejì nínú ìgbì omi. Ó ń rìn bí ẹni tí ó ń jẹ́rìí níwájú adájọ́, kò yà fún ohunkóhun. Nígbà tí ó dé títì, ọlọ́kadà kan dẹwọ́ eré.

"Baba, na only one leg dey feel cold?"

Alàgbà kò dá a lóhùn. Alàgbà yí padà. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, ìbọ̀sẹ̀ náà ti mu omi gọ́tà yó, ó ti gùn ní ìlọ́po méjì, iwájú rẹ̀ sì ń wọ́ tẹ̀lé e nínú ẹrẹ̀. Ìdérí ìgò kan ti gún un gba inú rẹ̀ wọlé. Ó dúró níwájú Olùṣọ́-àgùntàn. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni ọkùnrin náà, n kò ní gbàgbé rẹ̀ fún un.

"Kì í ṣe bàtà," ni ó wí. Ó tún ronú díẹ̀. "Kò tiẹ̀ sún mọ́ bàtà rárá."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi rántí pé ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó kù sí mi lọ́wọ́.

Alàgbà ní kí n má ṣèyọnu, ìyàwó òun á fọ̀ ọ́. Obìnrin náà fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fọ̀ ọ́, ó da omi gbígbóná lé e, ó sì fi ọṣẹ bó o. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Alàgbà gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú ọ̀rá. Ó ti sún kì. Oníbàárà tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi gbé e wò.

"Ó mà wuyì o. Ọmọ oṣù mélòó ló ni ín?"

"Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin," ni Alàgbà wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Òwú búlúù mi ti tán. Mo ti wá a dé Boundary láàárọ̀ ọjọ́ náà láti fi dí ibi tí ìdérí ìgò ti gún, n kò rí. Alàgbà mú súwẹ́tà aláwọ̀ yẹ́lò kan jáde nínú báàgì rẹ̀, èyí tí ó máa ń wọ̀ nígbà ọyẹ́, ó wá ibi tí okùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó sáàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ń dúró de irun, ó ń tú u. Àwọn obìnrin náà ti wà lórí ọ̀rọ̀ ọkọ ẹnìkan kí ó tó dé. Wọ́n dákẹ́.

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ," ni ó wí. "Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí."

"Kò ṣeé ṣe, Alàgbà. Orí báàgì mi lẹ jókòó lé."

Irun ni mo ń dì láàárọ̀, ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń hun lọ́sàn-án. Gìgísẹ̀ ni ó máa ń dà mí láàmú jù, n kò sì ní àyè láti tú u lẹ́ẹ̀mẹ́rin mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo sáré lọ sí Àpápá. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi ìrun Jímọ̀ ni. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un, láti orí báńdéèjì dé orí ọlọ́kadà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu omi ojú nù.

"Àwa ti parí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ tipẹ́," ni ó wí. "Kí ló pẹ́ ẹ̀yin?"

Ó gba sípóòkù lọ́wọ́ mi, ó bá mi yí gìgísẹ̀ náà láìwo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní kí n bá òun kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo parí èyí tí ó kù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo sì gbé méjèèjì lọ fún Ìyá.

Ní àárọ̀ ìkórè, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé Ìyá dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Sùtánà rẹ̀ funfun, ó ti lọ̀ ọ́ gan-an, ó gan. Ìgbì búlúù wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ìgbì yẹ́lò wà ní òsì. Ó wò wọ́n, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, bí ẹsẹ̀ kan bá sọnù wọ́n á mọ èyí tí wọ́n ń wá. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí táìlì.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò. Bàbá kò rò ó, àwọn alàgbà kò rò ó ní gbogbo wákàtí tí wọ́n fi jiyàn. Òwú àti táìlì kì í bá ara wọn jà, wọ́n ń kọjá lára ara wọn ni. Ẹsẹ̀ Ìyá yọ̀ lọ síwájú bí ẹni tí wọ́n pè láti orí pẹpẹ. Alàgbà aṣọ́nà ni ó sún mọ́ ọn jù. Ó fi apá méjèèjì gbà á, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì ń mí.

"Ṣé ìwọ lo ní kì í ṣe bàtà?" ni Ìyá bi í. Òun ni ó kọ́ ọ níwèé, bíi tèmi.

"Èmi ni, Ìyá."

"Ó dáa. Má fi mí sílẹ̀ o."

Wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ilé, Ìyá di apá rẹ̀ mú gírígírí, ó ń kí ẹni tó wà lọ́tùn-ún, ó ń kí ẹni tó wà lósì, ó tún ń dúró bi àwọn kan léèrè àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí ó jókòó sórí àga kejì láti iwájú, omi bọ́ lójú mi, n kò lè kọrin, èyí tí kò dun ẹnikẹ́ni. Alàgbà fẹ́ padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá ní kí ó jókòó ti òun, torí òun máa jó lọ síwájú nígbà ọrẹ, òun kò sì fẹ́ yọ̀. Ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ọrùn rẹ̀ ń yí sẹ́yìn. Àlejò méjì kan wọlé lákòókò náà, wọ́n wọ bàtà aláwọ dúdú tí ó ń ró kò, kò, kò lórí táìlì. Ó rí wọn. Ó fẹ́ dìde. Ìyá kò fi apá rẹ̀ sílẹ̀.